Dókítà Fẹ́ Rí Fáìlì Nílé

Tí wọ́n bá ní kí n yàn láàárín ilé ìwòsàn tó ṣì ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sínú fáìlì páálí àti èyí tó ti ra kọ̀ǹpútà, àmọ́ tó ṣí port, ìyẹn ẹnu ọ̀nà onínọ́ńbà tí ìsọfúnni ń gbà wọlé, sílẹ̀ gbayawu lórí router kí Dókítà lè máa wo fáìlì láti ilé, ti onípáálí ni màá gbé ìyàwó mi lọ. Kì í ṣe pé mo ń bú kọ̀ǹpútà o. Òun ni mo fi ń jẹun. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké, láti Ágríìkì títí dé Òdógùnyàn, ni mò ń bá tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe, ojú mi sì ti rí nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ jí fáìlì páálí gbọ́dọ̀ wá sí Ìkòròdú. Ó gbọ́dọ̀ la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 kọjá, kó fo géètì, kó sì bá mégáàdì wọ̀yá ìjà. Fáìlì tó wà lẹ́yìn port tó ṣí sílẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Ìkòròdú rí ni yóò jókòó sí ilé rẹ̀ tí yóò kó o lọ.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá Dókítà lẹ́bi pé ó fẹ́ rí fáìlì nílé. Dókítà tó ni ọ̀kan lára àwọn ilé ìwòsàn náà, èyí tó wà lẹ́yìn Sábó ní Ìkòròdú, Magodo ló ń gbé. Tí wọ́n bá pè é ní aago méjì òru pé aboyún kan ti wọlé, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ohun tí Dókítà kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bí BP obìnrin náà ṣe ń lọ láti ọjọ́ tó ti gba káàdì. 140 lórí 90 tó ti wà bẹ́ẹ̀ kí oyún tó dé ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Kí nọ́ọ̀sì wá máa ka nọ́ńbà lórí fóònù, kí jẹnẹrétọ̀ máa han gooro lẹ́yìn, kí Dókítà máa pariwo "Fífítíìn ni àbí fífítì?", ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Orò tún wà níbẹ̀. Obìnrin ni Dókítà, obìnrin sì ni ọ̀pọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Bí ìlú bá ti kéde pé kí obìnrin má jáde, àwọn tó sùn mọ́jú níbi iṣẹ́ ni yóò máa bá iṣẹ́ lọ títí ìlú yóò fi ṣí, Dókítà yóò sì máa darí wọn láti òkèèrè. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn láti Ikeja kì í ro ìyẹn mọ́ ọn. Àwa tí a ń gbé ìlú mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó kọ́kọ́ bá wọn ṣe é, ọ̀nà tó yá jù ló gbà. Ó wọ inú router, ó yan port forwarding, ó ní ohunkóhun tó bá ti ìta wá bá port 3389, kí router tì í lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà ní rìsẹ́pṣọ̀n. 3389 ni Remote Desktop ti Windows, èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn lo kọ̀ǹpútà láti ibòmíràn, ń gbà. Wọ́n tilẹ̀ ń sanwó oṣooṣù lọ́tọ̀ fún àdírẹ́sì gbangba, ìyẹn nọ́ńbà tí ará ìta fi ń rí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí kì í yí padà, kí Dókítà má baà ṣì í. Ó sì ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí nǹkan tó bá ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tí í padà wò ó.

Nígbà tí wọ́n pè mí pé kọ̀ǹpútà rìsẹ́pṣọ̀n ń fà bí ìgbín, ibi tí Windows máa ń kọ ìtàn ara rẹ̀ sí ni mo kọ́kọ́ lọ. Nọ́ńbà 4625 ni Windows fi ń sàmì sí ẹni tó gbìyànjú láti wọlé tí kò rí i wọ̀. Ohun tí mo rí ni 4625, 4625, 4625, láti òkè délẹ̀. Mo ṣí ọ̀kan: orúkọ tó lò ni ADMINISTRATOR. Mo ṣí èyí tó tẹ̀ lé e: admin. Òmíràn: test. Òmíràn: user. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló wà láàárín wọn, àdírẹ́sì tí wọ́n ti ń wá kò sì jọra. Mo pe Dókítà kó wá wò ó.

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un fi sí. "Ìnjíníà, àwọn wo nìyí? Ṣé àwọn tí mo dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

"Rárá o, mà. Wọn ò mọ̀ yín rí. Ẹ̀rọ ni wọ́n rán níṣẹ́."

Bó ṣe rí nìyẹn. Àdírẹ́sì IPv4, irú nọ́ńbà tí mo sọ yẹn, tó wà láyé kò ju bílíọ̀nù 4 lé díẹ̀ lọ, ẹ̀rọ sì lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí pé ó rẹ̀ ẹ́. Shodan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá ohun tó bá ṣí sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kiri, ti wà láti 2009. Nítorí náà, àwọn tó máa ń sọ pé "a ti yí port náà kúrò ní 3389 sí 50000, kò sẹ́ni tó máa mọ̀", ara wọn ni wọ́n ń tàn. Port 65,535 péré ló wà, ẹ̀rọ tó ń wá a kì í sùn. Bí páásíwọ́ọ̀dù tilẹ̀ le koko, ní oṣù karùn-ún 2019, Microsoft fúnra wọn kéde àléébù kan nínú Remote Desktop tí àwọn èèyàn sọ ní BlueKeep. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ kò nílò páásíwọ́ọ̀dù rárá. Windows 7 wà lára àwọn tó kàn, Windows 7 ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà rìsẹ́pṣọ̀n.

Àwọn kan á ní, ta ló fẹ́ fi fáìlì ibà àti táífọ́ọ̀dù àwọn ará Ìkòròdú ṣe kí ni? Kì í ṣe ibà nìkan ló wà nínú fáìlì. Èsì àyẹ̀wò HIV wà níbẹ̀. Oyún tí ẹnì kan gbà tí kò tíì sọ fún ọkọ wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò àtọ̀ ọkùnrin tí gbogbo ẹbí ń bú ìyàwó rẹ̀ pé kò rọ́mọ bí wà níbẹ̀. Jẹ́nótáìpù ọmọ tí kò lè ti ara ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá rẹ̀ jáde náà wà níbẹ̀. Ní ìlú tí lánlọ́ọ̀dù rẹ, alága CDA yín àti ìyá ọkọ rẹ ti jọ ń ra ata lọ́jà Sábó, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó láti tú ilé ká.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní orílẹ̀-èdè Fínlándì, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Vastaamo, níbi tí àwọn èèyàn ti ń lọ bá àwọn olùtọ́jú ọkàn sọ ohun tí wọn kò lè sọ fún ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ náà sí, port MySQL, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, ṣí sí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìparí 2017 títí di oṣù kẹta 2019. Ní oṣù kẹwàá 2020, ẹni tó kó ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn aláìsàn fúnra wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ san 200 euro, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá gbé ohun tí ẹ sọ fún olùtọ́jú yín síta. Ilé iṣẹ́ náà wọko gbèsè ní 2021. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, ìjọba tún bu owó ìtanràn 608,000 euro lé e. Port kan ló dá gbogbo ìyẹn sílẹ̀.

Orílẹ̀-èdè yẹn kan náà ni irinṣẹ́ tí mo fi dí ihò náà ti wá. Ní 1995, àwọn kan jí páásíwọ́ọ̀dù kó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ Helsinki, Tatu Ylönen tó wà níbẹ̀ sì jókòó, ó kọ SSH, ètò tó ń sọ ọ̀rọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà méjì di àdììtú. Ó béèrè fún port 22, tó ṣófo láàárín ti àwọn ètò àtijọ́ méjì, FTP tó wà ní 21 àti telnet tó wà ní 23, wọ́n sì fún un. Àwọn tó ń ṣe OpenBSD gbé OpenSSH, ẹ̀dà SSH tó jẹ́ ọ̀fẹ́, jáde ní 1999. Láti 2018 ló ti ń bá Windows 10 wá láti ilé iṣẹ́, nítorí náà ó ti wà lórí láptọ́ọ̀pù Dókítà tipẹ́, kò kàn mọ̀ ni.

Port forwarding ti SSH yàtọ̀ sí ti router, bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ti router ń ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá dé. Ti SSH bẹ̀rẹ̀ láti orí láptọ́ọ̀pù Dókítà fúnra rẹ̀: port kan ṣí lórí láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan, ohun tó bá wọ ibẹ̀ di àdììtú, ó gba inú SSH kọjá, ó sì tú jáde ní ilé ìwòsàn, níwájú ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Bí wébíìlì tí a fún awakọ̀ ní Gáréèjì ni: ó ti wà ní dídì pa, awakọ̀ gbé e, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń kọ ọ́ rèé:

ssh -N -L 8080:127.0.0.1:80 dokita@203.0.113.10

-L yẹn ló ṣí port 8080 lórí láptọ́ọ̀pù. Dókítà á wá ṣí búráúsà, á kọ localhost:8080, ojú ìwé OpenEMR tó mọ̀, ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì aláìsàn, á sì yọ sí i bí ẹni pé ó jókòó sí ọ́fíìsì. Orí ẹ̀rọ Linux kékeré kan tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ ni OpenEMR wà. Rìsẹ́pṣọ̀n náà, inú búráúsà ni wọ́n ti ń lò ó. (Àdírẹ́sì tí mo kọ sókè yẹn, ti àpẹẹrẹ ni, ẹ má wulẹ̀ dà á láàmú.)

Bó ṣe rọrùn lórí ìwé nìyẹn. Ní Ìkòròdú, kátàpílà tó ń ṣe ọ̀nà gé wáyà, ilé ìwòsàn sì padà sórí router onísíìmù. Mo wo àdírẹ́sì tí router náà gbà: 100 ló fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà kejì inú rẹ̀ sì wà láàárín 64 àti 127. Ẹni tó bá rí irú àdírẹ́sì yẹn, kó mọ̀ pé òun àti àwọn èrò mìíràn ni wọ́n jọ ń pín àdírẹ́sì gbangba kan ṣoṣo. Láti 2012 ni wọ́n ti ya ọ̀wọ́ àdírẹ́sì yẹn sọ́tọ̀ fún irú ìpín bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí router yín tí ará ìta yóò fi lè tipasẹ̀ rẹ̀ kàn yín lára. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń gbé èpè lé e. Ní tèmi, mo dúpẹ́. Ẹ̀rọ tó ń kọ 4625 láti òkè délẹ̀ kò ríbi wọlé mọ́.

Ṣùgbọ́n Dókítà náà kò ríbi wọlé. Nítorí náà, a háyà server kékeré kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ní àdírẹ́sì gbangba tirẹ̀, kí ẹ̀rọ abẹ́ tábìlì máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde lọ bá a. Iṣẹ́ -R nìyẹn. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ló ń pe ìta. Ìta kò pè é. Dókítà náà á lọ sí server yẹn, wọ́n á sì pàdé níbẹ̀.

Ibi tí mo ti rí i tí àwọn ènìyàn máa ń kọsẹ̀ jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá fi -R gbé port 80 ti OpenEMR wá sórí server àárín, tí Dókítà sì fi -L gbé e níbẹ̀, wébíìlì ti di méjì. Wọ́n tú àkọ́kọ́ ní server, wọ́n sì di òmíràn. Láàárín títú àti dídì yẹn, ẹni tó ní àṣẹ lórí server, tàbí ẹni tó bá já wọ ibẹ̀, lè ka fáìlì aboyún ketekete. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ gbé port SSH ti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn gan-an, ìyẹn 22, wá sórí server, ká ní ní 2222, kí Dókítà sì fi -J fo server kọjá:

ssh -N -J afara@203.0.113.10 -p 2222 -L 8080:127.0.0.1:80 dokita@127.0.0.1

(Àdírẹ́sì server àárín ni mo fi 203 yẹn ṣe níbí, àpẹẹrẹ náà ni.) Láti 2016 ni -J ti wà nínú OpenSSH. Báyìí, láptọ́ọ̀pù Dókítà àti ẹ̀rọ abẹ́ tábìlì nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Àdììtú nìkan ni server àárín ń rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fọwọ́ kan GatewayPorts lórí server náà, ètò tó ń pinnu bóyá ará ìta lè lo port tí -R ṣí. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde, kò ṣí, nítorí náà 2222 yẹn wà fún inú server nìkan. Ẹni tó bá yí i sí yes nítorí pé ó kà á níbì kan pé "ó máa jẹ́ kó ṣiṣẹ́", ó ti dá gbogbo ayé padà sẹ́nu ọ̀nà.

Páásíwọ́ọ̀dù ńkọ́? A pa á tì pátápátá fún SSH. Kọ́kọ́rọ́ ed25519, ìyẹn fáìlì kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi kọ́kọ́rọ́, ni oníkálùkù ní, lórí ẹ̀rọ ara rẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi tì í. Lórí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, níwájú kọ́kọ́rọ́ Dókítà nínú authorized_keys, ìwé tí a kọ kọ́kọ́rọ́ àwọn tó lè wọlé sí, mo kọ eléyìí sí:

restrict,port-forwarding,permitopen="127.0.0.1:80",command="/bin/false"

Ìyẹn ni pé, bí olè bá tilẹ̀ gbé láptọ́ọ̀pù lọ, tó sì mọ ọ̀rọ̀ àṣírí, ojú ìwé tí yóò ti bi í ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù OpenEMR nìkan ni kọ́kọ́rọ́ yẹn lè mú un dé. Kò lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ, kò lè dé inú database, kò lè dé kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. VPN lásán, èyí tó ń so èèyàn pọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti òkèèrè, tí wọn kò bá fi ọgbà sí i, á mú un dé gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn WireGuard, irú VPN kan, mi ò bá a jà, ohun tó dára ni, ó ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀ láti 2020. Iṣẹ́ tó wà níbí kéré, SSH sì ti wà nílẹ̀.

Iná ló fún mi ní wàhálà ju gbogbo èyí lọ. Inú Ìkòròdú tiwa yìí ni ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Egbin wà, mẹ́gáwáàtì 1,320, wáyà gbọ̀ngbọ̀n rẹ̀ ń kọjá lórí wa lọ sí ibòmíràn, àwa sì ń wá epo jẹnẹrétọ̀. Tí iná bá lọ tí router kú, ẹ̀rọ abẹ́ tábìlì kì í tètè mọ̀ pé ìpè òun ti já. Kódà nígbà tó bá mọ̀, tó sì tún pè, server àárín á ní ẹnì kan ṣì ń lo 2222: òkú ìpè àtijọ́ ni, kò tíì sin ín. Mo fi ServerAliveInterval 30 sí ẹ̀gbẹ́ kan, ClientAliveInterval sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí àwọn méjèèjì máa kí ara wọn lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì tètè mọ̀ pé ẹnì kejì ti lọ. ExitOnForwardFailure wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ìpè tí kò bá rí port gbà kú kíá, kí systemd, ètò tó ń mójú tó iṣẹ́ lórí Linux, sì gbé òmíràn dìde. Ní báyìí, tí iná bá lọ tó sì dé, kò sẹ́ni tó ń pè mí.

Ohun kan tún kù tí mi ò rí kí ẹnì kan kọ nípa rẹ̀ rí. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ti OpenEMR, gbogbo ẹni tó bá gba inú SSH wá, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló ń fi hàn: 127.0.0.1, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ló ń wo ara rẹ̀. Ẹ ò lè fi ìyẹn mọ ẹni tó ṣí fáìlì lóru. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì mẹ́rin bá ń lo orúkọ Mátíróòní wọlé, bó ṣe máa ń rí níbi púpọ̀, ẹ̀rí ti sọnù. Orúkọ kan fún ẹnì kan, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n bínú sí mi fún un.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí yé jù ni Ìyá Káàdì. Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni ìyá yìí ti ń tọ́jú fáìlì níbẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin kan wá, ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó kan báyìí, kí wọ́n jẹ́ kí òun wo káàdì rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ìyá Káàdì kò gbé ojú sókè. "Ẹ má bínú, mà. Ẹni tó ni káàdì ló ń gba káàdì." Wọ́n jẹ́ kí obìnrin náà pariwo títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìyá náà kò ka National Health Act ti 2014 rí, níbi tí apá 26 ti ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, tí apá 29 sì ní kí ẹni tó wà nídìí ilé ìwòsàn ṣètò tí àjèjì kò fi ní dé ibi àkọsílẹ̀. Wọn ò ka òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 pẹ̀lú, èyí tó fún yín ní wákàtí 72 láti fi tó ìgbìmọ̀ ìdáàbòbò ìsọfúnni létí tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn bá ti jò lọ́nà tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀nà tuntun yìí fún wọn, ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Ta ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tìrẹ?" Mo ní ìwé tí a kọ kọ́kọ́rọ́ sí ni. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún àwọn.

Bébà yẹn ti wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Orúkọ ẹni, ẹ̀rọ tó ń lò, ọjọ́ tí a fún un. Àwọn nọ́ọ̀sì ń já pa lọ sí ìlú òyìnbó lóṣooṣù, tí ọ̀kan bá sì ń lọ, Ìyá Káàdì á gba yúnífọ́ọ̀mù, á gba káàdì ìdánimọ̀, á pè mí pé kí n yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọn á dúró lórí fóònù títí màá fi yọ ọ́, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé owó oṣù ìkẹyìn.

Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ báyìí, ti ọmọ Dókítà ni. Ó wà ní Kánádà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, Dókítà sì fẹ́ kí a fún un ní kọ́kọ́rọ́, kó lè máa bá wa "fojú sí i". Mo ní, "Mà, aláìsàn wo ló ń tọ́jú?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò tíì gbà. Ìyá Káàdì ti lérí pé bébà àwọn ti kún.